Felton: Ìlú Tó Fi Ìbò Ra Omi Rẹ̀

Afárá onípákó tó wà ní Felton ní òrùlé lórí, ó ní ògiri lọ́tùn-ún lósì, débi pé ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lọ́ọ̀ọ́kán á rò pé ilé ni wọ́n kọ́ dábùú odò. Igi redwood ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ọdún 1892. Ọkọ̀ kì í gba orí rẹ̀ mọ́, ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló ń kọjá. Àárọ̀ ọjọ́ kan lásìkò òjò ni mo dúró síbẹ̀, tí mo ń wo odò San Lorenzo nísàlẹ̀. Omi ti pọ́n, ó ń sáré, ó ń gbé ewé àti ẹ̀ka igi lọ síhà ìlú Santa Cruz àti òkun.

Felton kì í ṣe ìlú ńlá. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn ló ń gbé ibẹ̀, láàárín àwọn òkè, ní Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Ìgbà òtútù ni òjò ń rọ̀ lápá ibẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, oṣù mélòó kan lè kọjá kí ẹ̀kán òjò má kán. Ẹni tó bá wá di orísun omi orí òkè mú, ọ̀fun ìlú ló dì mú. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn. Mo fẹ́ fẹsẹ̀ ara mi tọ ipa omi náà, láti ibi tó ti ń sun títí dé inú ilé, àti láti inú ilé títí dé ibi tí ìdọ̀tí ń gbà lọ, kí n lè mọ ohun tí àwọn ará ìlú yìí rà nígbà tí wọ́n dìbò láti gba omi wọn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni.

Láti ibi afárá, mo gba Graham Hill Road bọ́ sí títì 9, tó la àárín ìlú kọjá. Mo sọdá, mo wọ Kirby Street, níbi tí ilé-ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń sẹ́ omi Felton wà. Àlejò lè kọjá lára rẹ̀ láìbojú wò ó. Kò sí ohun ńlá kan níbẹ̀ tó ń pe ojú. Síbẹ̀, lórí ilé-ẹ̀rọ yìí àti àwọn páìpù tó so mọ́ ọn ni wọ́n fi jà fún bí ọdún mẹ́fà.

Ilé-iṣẹ́ aládàáni kan tó ń jẹ́ Citizens Utilities ló ni omi Felton tẹ́lẹ̀. Ní 2002 ó bọ́ sọ́wọ́ California American Water, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Cal-Am. Kò pẹ́ sígbà náà ni RWE, ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Jámánì, ra American Water tó ni Cal-Am. Báyìí ni omi tó ń sun nínú igbó Felton ṣe bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó wà lókè òkun. Cal-Am bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí òun fi ìdá 74 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó omi láàárín ọdún mẹ́ta. Àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò fún un tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ owó náà gbẹ́nu sókè. Bí oníbàárà bá sì fẹ́ fi ẹjọ́ sùn lórí fóònù, ọ̀nà jíjìn réré, ní Ìpínlẹ̀ Illinois, ni wọ́n ti ń dá a lóhùn.

Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèpàdé. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n pè é ní FLOW, wọ́n ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá àwọn onílé sọ kò rọrùn láti gbọ́: kí wọ́n fọwọ́ ara wọn bu owó orí tuntun lé ilé wọn, tó lè tó 600 dọ́là lọ́dún, fún 30 ọdún, kí wọ́n lè fi í yá mílíọ̀nù 11 dọ́là tí wọ́n á fi ra omi náà. Òfin sì ní bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó dìbò kò bá fọwọ́ sí i, kò lè wọlé. Ní oṣù Keje ọdún 2005, nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ló fọwọ́ sí i. Iye yẹn ń wú mi lórí títí di òní. Kò sí ọba tó pàṣẹ fún wọn, kò sí olówó kan tó bá wọn san án. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n gbé àjàgà ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọrùn.

Mo kúrò níbẹ̀, mo gba Felton Empire Road tó ń gun òkè lọ. Títì náà ga, ó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, igi redwood sì dí ojú ọ̀run. Nínú igbó Fall Creek, ìró omi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí i. Ó ń ṣàn láàárín òkúta tí ewédò bò, ó mọ́, ó tutù. Fall Creek wà lára àwọn ibi tí Felton ti ń bu omi. Níbí ni mo ti wá rí i kedere pé ohun tí ìlú náà rà ju páìpù lọ. Nǹkan bí 250 éékà igbó tó yí orísun omi ká wà nínú ọjà náà. Bí wọ́n bá gé igbó yẹn, ẹrẹ̀ ni yóò máa ṣàn wọ inú omi. Ẹni tó bá ra ilé-ẹ̀rọ láìra igbó, ìdajì ọjà ló rà.

Kò rọrùn láti gba omi náà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ yẹn. Cal-Am ní òun kò tà. Felton kò ní ìjọba ìlú tirẹ̀, nítorí náà àjọ omi tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1941, tó ń fún àwọn ìlú mìíràn ní àfonífojì odò San Lorenzo lómi, San Lorenzo Valley Water District, ló dúró fún wọn. Àjọ náà gba ilé ẹjọ́ lọ, ó lo òfin tó fún ìjọba láyè láti gba ohun-ìní fún àǹfààní gbogbo ènìyàn bó bá ti san iye tó tọ́. Nígbà tí ìgbẹ́jọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008, wọ́n yanjú rẹ̀ ní ìtùnbí ìnùbí: mílíọ̀nù 10.5 dọ́là lówó, àti gbèsè mílíọ̀nù 2.9 tí àjọ náà gbà sọ́rùn. Ní oṣù Kẹsàn-án, omi di ti àwọn tó ń mu ún.

Mo sọ̀ kalẹ̀ padà sáàárín àwọn ilé, torí ó ku ìdajì ọ̀rọ̀. Bí omi ti ń wọ ilé, bẹ́ẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ jù lọ ilé ní àfonífojì yìí kò ní páìpù ìdọ̀tí tó so wọ́n pọ̀. Táǹkì abẹ́ ilẹ̀ ni oníkálukú ń lò, bíi ti sọ́kàwéè tí a mọ̀ nílé: ìgbẹ́ á rọ̀ sísàlẹ̀ táǹkì, omi rẹ̀ á sì máa jò wọ inú ilẹ̀. Bí táǹkì bá kún, onílé ni yóò pe ọkọ̀ tó ń fà á. Ilẹ̀ iyanrìn, irú èyí tó wà láwọn apá kan níbí, kì í dá omi dúró pẹ́. Ó ti pẹ́ tí ìjọba Santa Cruz County ti ń bá èròjà nitrate tó ń ti inú àwọn táǹkì wọ̀nyí wọ odò San Lorenzo jìjàkadì.

Àwọn wo ló sì ń mu odò náà? Ní ìsàlẹ̀ Felton, ìlú Santa Cruz ní ìdènà onírọ́bà kan tí wọ́n máa ń fẹ́ lásìkò òjò, kí omi lè ga tó láti fà lọ sínú adágún Loch Lomond. Ohun tí ará Felton bá jẹ́ kó jò sílẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ nísàlẹ̀ ló ń bá a nínú odò. Ibí yìí ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Ìlú tó fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí omi tó ń wọlé ṣì fi omi tó ń jáde sílẹ̀ fún oníkálukú.

Lẹ́yìn náà ni mo wakọ̀ lọ sí Boulder Creek, níbi tí ọ́fíìsì àjọ omi wà. Lójú ọ̀nà, lára òkè, mo rí àwọn igi tí èèpo wọn dúdú bí èédú. Iná tí mànàmáná dá sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ló ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Iná náà jó ju éékà 86,000 lọ, ó sì yọ́ páìpù oníke tó ń gbé omi àjọ náà láti orí òkè. Ní àwọn àdúgbò kan, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má mu omi ẹ̀rọ, kódà bó sè é. Àwọn oníbàárà náà ló ni páìpù tó yọ́, àwọn náà ló sì ni gbèsè àtúnṣe rẹ̀. Kí iná tó dé pàápàá, ní 2017, àjọ náà ti fi owó kún owó omi, inú ọ̀pọ̀ kò sì dùn.

Ṣé wọ́n wá ṣàṣìṣe? Rárá ni mo wí. Olóhun ní í gbé e níbi tó gbé wúwo. Àǹfààní tí wọ́n rà kì í ṣe pé owó omi yóò máa jẹ́ pọ́ọ́kú títí láé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó omi àjọ náà kéré sí ti Cal-Am nígbà tí wọ́n gbà á. Ohun tí wọ́n rà ni ẹ̀tọ́ láti bi ènìyàn léèrè. Ènìyàn márùn-ún tí wọ́n dìbò yàn ló ń ṣàkóso àjọ náà. Òfin California láti 1953 ní kí ìpàdé wọn ṣí sílẹ̀ fún ẹni gbogbo. Òfin mìíràn láti 1996 ní kí wọ́n kọ̀wé sí gbogbo onílé kí wọ́n tó fi owó kún owó omi, bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn bá sì fìwé kọ̀ ọ́, àfikún owó náà kò lè wáyé.

Ìlú kékeré tó bá ń rò ó lónìí bóyá kí òun fi omi àti ìdọ̀tí sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tàbí kí òun mú un fúnra òun, kó má fi iye owó nìkan wọ̀n ọ́n. Kó béèrè ẹni tó ni igbó orísun omi. Kó béèrè ẹni tí yóò san owó páìpù lọ́jọ́ tí iná bá jó o. Kó béèrè ibi tí omi ìdọ̀tí ń lọ àti ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò. Bó bá ti mọ èsì ìwọ̀nyí, tó sì ṣetán láti ru ẹrù tó wà níbẹ̀, kó di omi rẹ̀ mú. Felton ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Iṣẹ́ tó kù fún Felton fúnra rẹ̀ ni kó fi irú ọwọ́ yẹn kan náà mú omi tó ń jáde.