Ariwo kọ́ o, agogo ilé wọn ni! Bí àwọn ọmọ Togo ṣe gbé àwo orin jáde láì dúró de máàkẹ́tà

Ẹ̀yin ará Ẹdẹ, ẹ má tíì bínú. Bí ẹ bá gbọ́ orin tí àwọn òyìnbó ń pè ní heavy metal, tí jìtá ń han gooro bí ẹ̀rọ ìlọta, tí olórin ń bú ramúramù bíi kìnnìún, a mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yín máa sọ: “Èwo tún ni wèrè yìí?” Àmọ́ ìlú Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná ni Ẹdẹ. Ẹni tó ti dúró níbi tí wọ́n ti ń lu bàtá fún Ṣàngó kò yẹ kó sá fún orin tó le.

Ìlú alágbẹ̀dẹ irin ni orin ọ̀hún ti wá. Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ẹgbẹ́ Black Sabbath ti jáde, oṣù kejì ọdún 1970 ni àwo wọn àkọ́kọ́ sì dé ìgboro. Tony Iommi tó ń ta jìtá fún wọn ti ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ irin rí, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti gé orí ìka rẹ̀ méjì. Kò torí ẹ̀ jókòó. Ó fi ike ṣe ìbọ̀ fún àwọn ìka náà, ó ń ta jìtá rẹ̀ lọ.

Èyí tó kàn wá jù ni ti Lomé, olú ìlú Togo. Ibẹ̀ ni Rock Ahavi àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ Arka'n sílẹ̀ lọ́dún 2010. Ọdún 2019 ni wọ́n tó gbé àwo àkọ́kọ́, Zã Keli, jáde. Òru àti ọ̀sán ni orúkọ náà ń sọ lédè Ewé. Fúnra wọn ni wọ́n gbé e jáde, kò sí iléeṣẹ́ ńlá lẹ́yìn wọn. Ẹni tó bá ti ṣe àwo rí mọ ohun téyìí jẹ́: owó sitúdíò, owó ìpolówó, gbogbo ẹ̀, ọrùn olórin ló ń bọ́ sí.

Wọn ò sì fi ohun ilé sílẹ̀. Agogo àti ìlù ìbílẹ̀ ń dún láàárín jìtá, èdè Ewé ń jà pẹ̀lú Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó di 2024, iléeṣẹ́ Reigning Phoenix Music ló gbé àwo wọn kejì, Dzikkuh, jáde. Ṣé ẹ rí i pé iléeṣẹ́ ló padà wá bá wọn?

Davido tiwa náà kò dúró de ẹnikẹ́ni. HKN, iléeṣẹ́ tòun tẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 2012. Àmọ́ Omo Baba Olowo lorúkọ àwo yẹn, kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ Ẹdẹ ló ní bàbá olówó! Ìdí nìyí tí ti àwọn ará Lomé fi yẹ kó wọ ọ̀dọ́ wa létí.

Ọba Adétóyèṣe Láoyè Kìíní, tó jẹ Tìmì láti 1946 sí 1975, fọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún. Ọba aládé ni o! Ó tún kọ̀wé nípa ìlù Yorùbá sínú ìwé ìròyìn Odù ní 1959, nígbà táwọn kan ń pe onílù ní alágbe. Ọmọ Àyàn tó bá fẹ́ ta jìtá lónìí, kó ta á dáadáa. Ṣùgbọ́n jìtá ti pọ̀ lọ́wọ́ òyìnbó. Gángan tó wà nílé bàbá rẹ̀ ni wọn ò ní.