OBÌNRIN TÓ DÉ ORÍ ÀGA ABẸNUGAN ÈKÓ

Ọ̀rọ̀ Ìyáàfin Mojísọ́lá Meranda la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, aṣojú Àpápá Kìn-ín-ní nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ọdún 2015 ló kọ́kọ́ wọlé ìbò, lábẹ́ ẹgbẹ́ APC. Wọ́n tún dìbò fún un ní 2019, wọ́n tún dì í fún un ní 2023. Ẹ̀ẹ̀mẹta gbáko! Lọ́dún 2023 náà ló di igbákejì abẹnugan. Nígbà tó di ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2025, àwọn aṣòfin yọ Mudashiru Obasa nípò abẹnugan, wọ́n fi Mojísọ́lá sí i. Obìnrin kankan ò dé orí àga yẹn rí l'Ékòó. Inú wa dùn, a ò ní purọ́.

Àmọ́ kò pẹ́. Lọ́jọ́ 3 oṣù kẹta, lẹ́yìn ọjọ́ 49 péré, ó fi ipò náà sílẹ̀. Obasa padà sórí àga, òun náà padà sípò igbákejì.

Ẹ jẹ́ ká rò ó bí ọlọ́jà. Ìsọ̀ tá a háyà, onísọ̀ lè gbà á. Ọwọ́ àwọn aṣòfin 40 ni àga abẹnugan wà. Ṣùgbọ́n ìbò tí ará Àpápá dì, wọn ò rí i gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Aṣojú wọn ló ṣì ń jẹ́ lẹ́yìn gbogbo ẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ò bá tíì ní káàdì ìdìbò, kó lọ gbà á. Ọjà kì í sí lọ́jọ́ ìbò, ẹ má fi oorun lo ọjọ́ náà. Àjọjọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.