Orúkọ Ńlá Kì Í Pa Àlọ́

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń dàgbà ní Kàdúná jìnnà sí ìyá àgbà tí ìbá máa pa àlọ́ fún wọn. Sinimá àwòrán yíyà ni ó gba ipò rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe tẹ̀lé orúkọ nìkan. Ilé-iṣẹ́ Disney, tí ó gbé The Lion King jáde ní 1994, fi Wish ṣe àjọ̀dún 100 ọdún rẹ̀ ní 2023. Ọba kan ń gba ìfẹ́ ọkàn àwọn ará ìlú pamọ́. Ọmọbìnrin kan, Asha, dìde sí i. Ìpìlẹ̀ ìtàn náà dára, ṣùgbọ́n ìrántí sinimá àtijọ́ ni wọ́n kó kún inú rẹ̀. Àgbà tí ń pa àlọ́ Ìjàpá a máa wo ojú ọmọ, kì í wo ògo ara rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò ó fúnra yín. Bí kò bá ní láárí, ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ sì pa àlọ́.