Ṣé ẹ̀rọ tó ń wá iṣan ẹ̀jẹ̀ lè dín ẹkún ọmọ kù nílé ìwòsàn?

Bí ara bá ń ro ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde lóru, tí òbí rẹ̀ sì gbé e dé ilé ìwòsàn ní Accra, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wá iṣan ẹ̀jẹ̀ tó máa gba omi àti oògùn. Ibẹ̀ ni wàhálà kejì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n á fi rọ́bà so apá. Abẹ́rẹ́ á wọlé, ẹ̀jẹ̀ kò ní jáde. Ó di ọwọ́ kejì, ó di ẹsẹ̀. Iṣan ọmọ tí wọ́n ti ń gún láti kékeré máa ń le, òmíràn á sì ti dí.

Nínú ọmọ 100 tí wọ́n bá bí ní Ghana, nǹkan bíi 2 ló ní àìsàn yìí. Chwechweechwe ni àwọn Gã ń pe ìrora rẹ̀. Dókítà Felix Konotey-Ahulu, ọmọ Ghana tó di ìlúmọ̀ọ́ká nípa rẹ̀, tọpasẹ̀ rẹ̀ nínú ìdílé tirẹ̀ títí dé ọdún 1670. Ilé ìwòsàn Korle Bu, tí wọ́n ṣí ní 1923, ní ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀rọ kan wà báyìí tó ń tan ìmọ́lẹ̀ infrared, èyí tí ojú èèyàn kò lè rí, sára aláìsàn. Ẹ̀jẹ̀ inú iṣan máa ń fa ìmọ́lẹ̀ náà mu, ẹran ara tó yí i ká sì máa ń dá a padà. Kámẹ́rà á ka ìyàtọ̀ yìí, ẹ̀rọ náà á sì ya iṣan náà sórí awọ lójú ẹsẹ̀, bí ẹni ya ojú ọ̀nà sórí ilẹ̀.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lára aláwọ̀ dúdú? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ní 2020, àwọn oníwàádìí ní Amẹ́ríkà rí i pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń há mọ́ ìka láti wọn atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ ń tàsé àìtó atẹ́gùn lára aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Ti iṣan yàtọ̀ díẹ̀: àwọ̀ dúdú kì í dí infrared lọ́nà tó bí ó ṣe ń dí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí. Iṣan tí nọ́ọ̀sì kò rí, kámẹ́rà lè rí i.

Ṣùgbọ́n kì í ríran jìnnà. Iṣan tó bá ti jìn tó sẹ̀ǹtímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sábà máa ń bọ́ mọ́ ọn lójú, kì í sì í sọ bí èyí tó rí ṣe jìn tó. Èsì ìwádìí lára àwọn ọmọdé pàápàá kò dọ́gba: àwọn kan ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ń bọ́ sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn mìíràn kò rí ìyàtọ̀.

Fún iṣan tó jìn, ẹ̀rọ ultrasound tí àwọn aláboyún mọ̀ dáadáa ló ń fi jíjìn rẹ̀ hàn. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ti ní in tẹ́lẹ̀, nítorí náà ó lè sàn kí wọ́n kọ́ nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń lò ó ju kí wọ́n ra tuntun lọ.

Kí ìyẹn tó dé, aṣọ tí wọ́n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rin máa ń jẹ́ kí iṣan yọ. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kó tó fa abẹ́rẹ́ yọ: ọwọ́ wo ló gbà nígbà tó kọjá?