Ṣé o mọ̀? Ẹbí tí "gáréèjì" ti wá
Ní Ìlọrin, bí ẹnìkan bá ní "Ọ̀fà Gáréèjì ni mò ń gbé," kò sẹ́ni tó máa bi í pé mọ́tò wo ló fẹ́ wọ̀. Orúkọ àdúgbò ni.

Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú garage, ní nǹkan bí ọdún 1902, nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi ló kọ́kọ́ ni ín: garer ni kí wọ́n fa ọkọ̀ síbi tí ewu kò sí. Àwọn ẹ̀yà Jámánì àtijọ́ ni Faransé ti yá a. Waron lédè wọn ni kí èèyàn máa ṣọ́ nǹkan. Faransé ló sọ "w" di "g". Gbòǹgbò yìí náà ló hu bewahren ní Jámánì àti bewaren ní Dutch, tí méjèèjì jẹ́ "pa mọ́", àti beware tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń kìlọ̀.

Èyí tó wú mi lórí jù: wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n àti gáàdì ẹnu géètì, ẹbí gáréèjì ni wọ́n. Wọ́dà di "w" àtijọ́ mú, gáàdì gba "g" Faransé.

Ní London, ilé mọ́tò tàbí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni garage. Àwa la sọ ọ́ di ibi tí agbèrò ti ń ké "Ọ̀fà, Àjàṣẹ́! Ó ku ẹnì kan!" Lórílẹ̀-èdè Benin, gare ni wọ́n ń pe irú ibẹ̀, garer kan náà ló sì bí i.