Orin Ìmọ́tótó Kò Fọ Ọwọ́ Ẹnikẹ́ni

Nígbà tí mo ń kọ́ kíláàsì kẹrin ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, mo bi àwọn ọmọ léèrè ìdí tí a fi ń fọwọ́ ká tó jẹun. Gbogbo wọn fi èdè Gẹ̀ẹ́sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ń kọrin: kí kòkòrò àrùn má baà wọ inú wa. Mo yìn wọ́n, mo ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Kò pẹ́ sí i, aago ìsinmi lù. Kẹ́ẹ̀gì omi wà lẹ́nu ọ̀nà, ọṣẹ wà lórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n sáré kọjá lára méjèèjì, ó di ọ̀dọ̀ ìyá onírẹsì. Àwọn tó yà síbi omi kò pé mẹ́wàá.

Irọ́: Ọmọ tó bá ti mọ ìdáhùn ti mọ ẹ̀kọ́ ìlera.

Òótọ́: Ọ̀tọ̀ ni ohun tí ọmọ mọ̀, ọ̀tọ̀ ni ìhà tó kọ sí i. Ọmọ lè mọ̀ pé ó yẹ kí òun fi ọṣẹ ra àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka àti abẹ́ èékánná fún ìṣẹ́jú àáyá 20 ó kéré tán, síbẹ̀ kó má fọ ọwọ́ náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo tún bi wọ́n, Yorùbá ni mo fi bi wọ́n lọ́tẹ̀ yìí, mo sì jẹ́ kí ó dá wọn lójú pé n kò ní na ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ bá jáde. Ọmọkùnrin kan ní, "Ànǹtí, tí mo bá dúró fọwọ́, ẹran á tán." Òmíràn rò pé àwọn tíṣà ló ni ọṣẹ. Ọmọbìnrin kan rọra sọ pé "ọmọ olówó" ni wọ́n máa ń pe ẹni tó bá dúró fọwọ́. Àṣé láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù tí mo ti ń sọ ti kòkòrò, ẹran àti ìtìjú ló wà lọ́kàn wọn.

Èmi àti wọn la jọ wá ojútùú rẹ̀. Wọ́n ní ká bẹ ìyá onírẹsì kó má ṣe bu oúnjẹ fún ọwọ́ gbígbẹ. Obìnrin náà gbà. Láti ọjọ́ kejì ni ìlà ti kúrò níwájú ìkòkò, tó di iwájú kẹ́ẹ̀gì.

N kò rò pé à bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹran yẹn láé bó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni mo tún fi bi wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti rí àǹfààní èdè abínibí tipẹ́. Ní ọdún 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò tó fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko.

Irọ́: Bí tíṣà bá ní kí ọmọ sọ èrò ọkàn rẹ̀, ó ti fi òótọ́ síbi tí a ti ń dìbò.

Òótọ́: Ẹ̀rù yìí nídìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gígùn kan sílẹ̀ kíláàsì. Ìpẹ̀kun kan ni "mo gbà", ìpẹ̀kun kejì ni "mi ò gbà". Mo wá sọ gbólóhùn kan: "Ọmọ tó ní wárápá lè jókòó tì mí." Kí ẹ tó ṣẹ́jú, gbogbo kíláàsì ti rọ́ lọ síbi "mi ò gbà", àfi ọmọ mẹ́ta. Mo bi wọ́n léèrè ìdí. "Ìyá mi àgbà ní tí ìfófòó ẹnu rẹ̀ bá kàn mí, èmi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ nílé.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tíṣà wà. A kò dìbò lórí bóyá wárápá ń ràn. Kì í ràn. Inú ọpọlọ ló ti ń wá, ìfófòó ẹnu kò sì lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Nǹkan bí 50 mílíọ̀nù ènìyàn ló ní in lágbàáyé, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé tí wọ́n bá rí ìtọ́jú tó yẹ, nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún wọn lè máa gbé láìjẹ́ pé ó ń gbé wọn mọ́. Bí ó bá gbé ènìyàn, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí. Ẹ má dì í mọ́lẹ̀, ẹ má ki ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ẹ gbé e lọ sílé-ìwòsàn.

Èyí tí ó jẹ́ ti ọmọ láti sọ ni pé: ṣé màá jókòó tì í? Nígbà tí a tún dúró lórí ìlà, ọ̀pọ̀ ti sún. Ọmọbìnrin kan kò kúrò níbi tó wà. N kò fipá mú un. Lọ́sẹ̀ kejì ló wá bá mi pé ṣé ó dá mi lójú pé kì í ràn.

Irọ́: Ẹ̀kọ́ báyìí ń sọ ọmọ di aláìgbọràn.

Òótọ́: Ìbẹ̀rù tó wúwo jù lọ́kàn àwọn ọmọ fúnra wọn nìyí. Wọ́n mọ òótọ́ tán, wọ́n wá ń bi mí pé, "Ànǹtí, tí Ìyá àgbà bá ń ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu ńkọ́?" Ọ̀wọ̀ fún àgbà jẹ́ ohun iyebíye, ẹ̀mí náà sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. A fi eré ṣe é. Ọmọ kan wé gèlè, ó di ìyá àgbà. Àwọn yòókù ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò wọ àgbà létí. Èyí tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ni kí ọmọ kúnlẹ̀, kó ní: "Ìyá àgbà, ẹ má bínú mà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yí i sí ẹ̀gbẹ́." N kò kọ́ wọn ní gbólóhùn yẹn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Àgbà náà kúkú máa ń ṣìnà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí Ẹ̀bólà ti dé sí wa, ìròyìn kan gba orí fóònù kiri pé kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu ún. Àgbàlagbà ló ń fi ránṣẹ́ sí àgbàlagbà, àwọn kan sì ti ipa rẹ̀ dèrò ilé-ìwòsàn. Ènìyàn mẹ́jọ ni Ẹ̀bólà pa ní Nàìjíríà. Omi iyọ̀ kò gba ẹnìkan sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo máa ń mú ìtàn yìí wá sí kíláàsì, kí àwọn ọmọ lè bèèrè pé: ta ló sọ ọ́, báwo ló ṣe mọ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọmọ kékeré kò lè gbé ọ̀rọ̀ ìlera délé. David Morley, dókítà tó tọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Iléṣà àti Ìmẹ̀sí-Ilé, wà lára àwọn tó dá ètò Child-to-Child sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún Ọdún Àwọn Ọmọdé Lágbàáyé ti 1979. Ohun tí wọ́n gbé e kà ni pé ọmọ lè kọ́ àbúrò rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ará ilé rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ti iléèwé dé, tó kúnlẹ̀, tó ní kí ẹ má ki ṣíbí bọ ẹnu ẹni tí wárápá gbé, ẹ má pè é ní aláìgbọràn. Òótọ́ ló sọ. Ẹ yọ ṣíbí náà.