Ọmọ Tó Ń Tọ̀ọ́lé: Ẹ Wo Gbogbo Ilé Kí Ẹ Tó Mú Pàṣán



Kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà ní àdúgbò wọn ni obìnrin kan ti máa ń jáde sí ẹ̀yìnkùlé láti fọ ẹní. Ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 8, ti tún tọ̀ sí i. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ọmọ náà ti fi ń sùn láì tọ̀ kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi mú un wá bá wa ní ọ́fíìsì wẹ́fíà ilé ìwòsàn, wọ́n ti nà án títí, wọ́n ti so ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ ọn nídìí, àwọn ọmọ àdúgbò sì ti gbàgbé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, “Atọ̀ọ́lé” ni wọ́n ń pè é. Wọn kì í jẹ́ kí ó bá wọn kírun nínú yàrá mọ́, nítorí òórùn. Mo ti yí díẹ̀ padà nínú ìtàn yìí kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo ọmọ yìí,” ni ìyá rẹ̀ wí.

Dókítà ló kọ́kọ́ wò ó, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọmọ tó ti ń sùn gbẹ tó wá tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ lè ní àrùn nínú àpò ìtọ̀. Ó lè jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, pàápàá bí ó bá ń mu omi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ tí ó sì ń rù. Ìgbẹ́ líle tí kò jáde dáadáa náà máa ń tẹ àpò ìtọ̀. Wọ́n yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọn kò rí nǹkan kan. (Ti ọmọ tí kò tíì sùn gbẹ rí yàtọ̀. Nínú ọmọ ọdún 5 tó tó 100, nǹkan bí 15 ló ṣì ń tọ̀ lóru, ọ̀pọ̀ wọn ló sì jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá tàbí ìyá tí kò fẹ́ kí a dárúkọ òun.)

Lẹ́yìn èyí ni mo mú bébà, mo ní kí ìyá náà bá mi ya ilé wọn. Ann Hartman, olùkọ́ iṣẹ́ wẹ́fíà ní Amẹ́ríkà, ló gbé irú àwòrán yìí kalẹ̀ ní 1975. A ó fa òbìrí ńlá kan sí àárín fún àwọn tó ń gbé inú ilé. A ó fa àwọn òbìrí mìíràn yí i ká fún iléèwé, ibi iṣẹ́, mọ́ṣáláṣí, ẹbí àti ọjà, a ó sì fi ìlà so wọ́n pọ̀. Ibi tí ìrànlọ́wọ́ ti ń wá, ìlà ibẹ̀ á nípọn. Ibi tí ìjà bá wà, a ó fi igi wẹ́wẹ́ dábùú ìlà náà.

Ohun tó jáde nìyí. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, ibi iṣẹ́ bàbá gbé e lọ sí Àbújá, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Ìyá ọkọ kó wá sọ́dọ̀ wọn nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Wọ́n bí ọmọ tuntun. Ọmọkùnrin tó ń sùn ní yàrá ìyá rẹ̀ di ẹni tó ń sùn ní pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà. Ní iléèwé, wọ́n ń ti ilẹ̀kùn ṣáláńgá pa, ó sì ń mú ìtọ̀ mọ́ra títí yóò fi délé. Láàárín oṣù yẹn náà ni ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìmọ̀ tí a ń lò níbí ni àwọn òyìnbó ń pè ní systems theory. Ludwig von Bertalanffy, ọmọ ilẹ̀ Austria tó kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí, ni a mọ̀ mọ́ ọn, ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà sì jáde ní 1968. Ó ní ohun tó bá so kọ́ra, a kò lè mọ̀ ọ́n tán bí a bá ń wo ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Èyí kò yẹ kó ṣàjèjì sí àwa Mùsùlùmí, tí Ànábì wa ti fi wé ara kan ṣoṣo.

Urie Bronfenbrenner fi ti ọmọdé kún un ní 1979: ó ní àwọn àyíká tó wọ inú ara wọn ni ọmọ ń dàgbà sí, kódà ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé ń kàn án. Ọmọ yìí kò mọ ọ̀gá bàbá rẹ̀ ní Àbújá rárá.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lára jù ni dókítà ọmọ Argentina kan, Salvador Minuchin, tó ṣiṣẹ́ ní Philadelphia. Ó rí àwọn ọmọ tó ní ìtọ̀ ṣúgà tí abẹ́rẹ́ insulin ń ṣiṣẹ́ lára wọn dáadáa ní ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n tí wọn kì í pẹ́ nílé kí àìsàn tó tún gbé wọn dè. Ó ní kí bàbá àti ìyá jókòó sọ ọ̀rọ̀ tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, kí ọmọ máa wò wọ́n láti ẹ̀yìn gíláàsì, wọ́n sì ń gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn. Ohun tó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ara kò bá balẹ̀ ń gòkè lára ọmọ. Nígbà tí wọ́n mú ọmọ wọlé sáàárín wọn, ti òbí wálẹ̀, ti ọmọ kò wálẹ̀. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1978. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti bá a jiyàn lórí rẹ̀, wọ́n ní kì í ṣe ohun tí a ó máa fi dá òbí lẹ́bi. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìjà òbí kọ́ ló ń fa ìtọ̀ ṣúgà, insulin kò sì ṣeé fi nǹkan kan rọ́pò.

Ní ilé tiwa yìí, owó ló dá ìjà sílẹ̀. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni bàbá ń fi gbogbo owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí, ìyàwó àti ìyá ọkọ kò sì sọ̀rọ̀ síra wọn mọ́ ju ìkíni lọ. Àárọ̀ tí ọmọ bá tọ̀ nìkan ni wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀, ọjọ́ náà sì ni bàbá ń pè lórí fóònù. Ọmọ kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é o. Àmọ́ ilé ti rọ̀ mọ́ ìtọ̀ náà láì mọ̀. Pàṣán sì ń dá ìbẹ̀rù sílẹ̀, ìbẹ̀rù ń mú ìtọ̀ wá, ìtọ̀ tún ń pe pàṣán.

Nítorí náà, ara ilé la kọ́kọ́ bá wí. Bàbá pín owó sí méjì. Ó ń pe ọmọ náà lẹ́yìn ìrun Iṣái lójoojúmọ́, ì báà tọ̀, ì báà má tọ̀. Ọmọ padà sí yàrá ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà ń gbé ọmọ tuntun fún wákàtí kan nírọ̀lẹ́ kí ìyá lè ráyè fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọn kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ kankan rí, wọ́n rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á. Ọ̀sán ni ọmọ ń mu èyí tó pọ̀ jù nínú omi rẹ̀, ó sì ń tọ̀ kó tó sùn. Wọ́n ta ọ̀rá sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fi omi fọ ibi tó bá tọ̀ sí, wọ́n ń sá a sóòrùn. Ọmọ ń wẹ̀, ó ń ṣe àlúwàlá, ó sì ń bá wọn kírun, nítorí kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ẹni tó ń sùn. Ti kọ́kọ́rọ́ ṣáláńgá iléèwé ló gba àkókò jù: òbí mẹ́ta ló pawọ́ pọ̀ lọ bá ọ̀gá àgbà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n sì lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀rọ̀ burú sí i. Ìyá àgbà bínú sí owó tí wọ́n pín, ọmọ sì tọ̀ lóru márùn-ún léra. Ilé tí a bá ń tún tò máa ń fẹ́ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń mú pàṣán padà níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ní sùúrù.

Ìgbà tí wọ́n wá kẹ́yìn, òru mẹ́fà nínú méje ni ó ń sùn gbẹ. Ìyá àgbà ló mú un wá. Ó ní, “Ọmọ mi, fi ibi tí o ya èmi sí hàn mí.” Mo fi hàn án. Ó wo ìlà tó wà láàárín òun àti ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó ní kí n pa àwọn igi tí mo fi dábùú rẹ̀ rẹ́.